Gbèsè Etí

Ìbéèrè kan wà tí àwa tí a wà lókè òkun kì í fẹ́ kí wọ́n bi wá lórí fóònù: èló lo rà á? Bí ó bá jẹ́ bàtà, a ó dín owó rẹ̀ kù díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀, a ó ní owó báǹkì ni, díẹ̀díẹ̀ la ń san án. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ sípíkà méjì tí kò ní tẹlifíṣọ̀n lára, tí kò sí àwòrán tí ẹnikẹ́ni lè máa wò níbẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa kọrin lọ, ẹnu á wúwo. Mo mọ ọkùnrin kan ní Manchester tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kan ló fi ẹ̀rọ náà pamọ́ sọ́dọ̀ òun. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí, ọ̀rẹ́ ọ̀hún kò tíì wá gbé e.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò wà lábẹ́ irọ́ kékeré yẹn. Kí ló dé tí ojú fi ń tì wá nítorí ohun tí a fi ń gbọ́ orin, tí ojú kì í tì wá nítorí léèsì? Ṣé ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ òru kó owó rẹ̀ lé etí lórí nígbà tí àwọn ará ilé ń retí rẹ̀? Èyí tó wá ń dà mí láàmú jù ni pé, lẹ́yìn tí etí bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ nǹkan dáadáa tán, gbèsè wo ni etí náà jẹ, ta ni yóò sì san án fún?

Ìlú Leeds ni mo ti kàwé. Ní 2003, àwa márùn-ún la jọ ń gbé ilé kan ní Hyde Park (àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni o, kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù). Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ físíìsì, ni bàbá rẹ̀ kú tó sì fi sípíkà Quad méjì sílẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá rí i rí kò ní mọ̀ pé sípíkà ni. Ó rí pẹlẹbẹ, ó rọra tẹ̀, ó sì jọ irin gbígbóná tí wọ́n ń so mọ́ ògiri ní ilẹ̀ yìí fún òtútù. Peter Walker ló ṣe é ní Huntingdon, ó gbé e jáde ní 1957. Kò sí bébà ńlá tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀ bí ti àwọn yòókù. Ọ̀rá tín-ín-rín kan ni wọ́n nà sáàárín irin méjì tí wọ́n dá ihò sí lára, tí wọ́n sì fún ọ̀rá náà ní iná mànàmáná tó lágbára. Bí iná orin bá ti ń lọ tó ń bọ̀ lára irin méjèèjì, ọ̀rá á máa mì láàárín wọn. Mímì yẹn ni ìró. Nítorí pé ọ̀rá náà fúyẹ́ gan-an, bí ìlù bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kì í fa ọ̀rọ̀ gùn.

Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí ọ̀rẹ́ mi ní kò wọ̀ mí lára, gòjé òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi ní rẹ́kọ́ọ̀dù Ebenezer Obey kan tí mo rà ní póùn kan péré ní ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù ní Headingley, tí n kò sì ní ohun tí mo lè fi gbọ́ ọ. Orin tí mo ti gbọ́ ní gbogbo ìkómọ àti gbogbo òkú àgbà tí wọ́n gbé mi lọ láti kékeré ni. Mo ní kí ó bá mi fi sí i.

Ohun tí mo gbọ́ nìyí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ orin yẹn, ariwo tó ń dùn lẹ́yìn ni mo ka gángan inú rẹ̀ sí, bí ata inú ọbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Olórin á sọ gbólóhùn kan, onílù á kín in lẹ́yìn, á fi tirẹ̀ kún un. Nígbà mìíràn ẹ óò gbọ́ pé ó ń fi olórin ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Ọkùnrin méjì ló ń tàkúrọ̀sọ létí mi láti ogún ọdún, ọ̀kan ṣoṣo ni mo sì ń gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ni ìlù yẹn ń ṣe. Mo ní ó ń sọ̀rọ̀. Ó rò pé àkàwé ni mo ń pa. Ó di dandan kí n jókòó kí n ṣàlàyé fún un bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣe yàtọ̀ síra, pé ohùn ló ya wọ́n, àti pé awọ àti ọṣán lè sọ ohùn náà láìní ẹnu.

Nítorí náà, n kò fi gbogbo ara gbà pé fàájì lásán ni ìró tó mọ́ gaara jẹ́ fún Yorùbá. Bí ìlù ẹlòmíràn bá dàrú, adùn ló sọnù. Bí tiwa bá dàrú, gbólóhùn ló sọnù.

Kì í ṣe èmi nìkan ni irú nǹkan báyìí ti bá nílé ẹ̀kọ́. Ní 1956, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní MIT, Amar Bose, ọmọ ará Íńdíà tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà, ra ẹ̀rọ orin fún ara rẹ̀. Ó ti ta gòjé òyìnbó nígbà ọmọdé, ó mọ bí ó ṣe ń dún. Ó ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìwé ẹ̀rọ, nọ́ńbà dára, ó gbé e délé, etí rẹ̀ ní rárá. Ohun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí lẹ́yìn náà ni pé, nínú gbọ̀ngàn orin, èyí tó pọ̀ jù nínú ìró tó ń dé etí wa kì í wá tààrà láti ọ̀dọ̀ olórin: ara ògiri àti àjà ló ti ń ta padà wá. Nígbà tó gbé sípíkà 901 rẹ̀ jáde ní 1968, ẹnu mẹ́sàn-án ló fún un. Ọ̀kan kọjú sí olùgbọ́, mẹ́jọ kọjú sí ògiri. Àwọn tó ka ara wọn sí ọlọ́gbọ́n etí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Bose títí dòní, wọ́n á ní ọjà àwọn tí kò mọ nǹkan ni. Ìyẹn wà lọ́wọ́ wọn. Lójú tèmi, òun ló rántí pé ilé náà wà lára orin. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ ògiri yìí.

Hi-fi ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìṣòótọ́ tó ga. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọrí ẹ̀rọ! Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ìṣòótọ́ sí kí ni?

Láàárín 1915 sí 1925, ilé iṣẹ́ Thomas Edison ń gbé ẹ̀rọ Diamond Disc káàkiri àwọn ìlú Amẹ́ríkà. Olórin á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, á kọrin, á pa ẹnu dé, ẹ̀rọ á gbà á. Wọ́n á pa iná gbọ̀ngàn kí èrò má baà rí ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wà níbẹ̀ jẹ́rìí pé àwọn kò mọ ìgbà tí ènìyàn dákẹ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì àti ìwo ni ẹ̀rọ yẹn fi ń mú ìró jáde, kò sí iná mànàmáná tó ń bá a gbé ohùn sókè. Bí a bá gbọ́ ọ lónìí, a ó ní ẹni tó kó sínú agolo ló ń kọrin. Báwo ni wọn kò ṣe mọ ìyàtọ̀? Anna Case, ọ̀kan nínú àwọn olórin náà, ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún: ó ń mú kí ohùn tirẹ̀ bá ti ẹ̀rọ mu ni.

Ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣòótọ́ sí ènìyàn, ènìyàn ló ṣòótọ́ sí ẹ̀rọ. Èmi tí mo ti dúró níwájú gíláàsì báǹkì àti ọ́fíìsì físà ní ilẹ̀ yìí, tí mo mọ bí mo ṣe ń yí ohùn mi padà kí ẹni tó wà lódìkejì lè gbọ́ mi, n kò lè bá obìnrin yẹn wíjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kọ irú orin yẹn lójoojúmọ́.

Ní 1973, Harry Pearson dá ìwé ìròyìn The Absolute Sound sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìlànà rẹ̀ kò le: òdiwọ̀n kan ṣoṣo ló wà, ìró ohun èlò orin tí kò gba inú amplifier kọjá, tí wọ́n ń lò ó nínú ààyè gidi. Ẹ̀rọ tó bá sún mọ́ ìyẹn ló ṣòótọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún gòjé. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi mú jùjú wá síbẹ̀. Gìtá iná ni wọ́n ń ta. Ojú àgbàlá ni wọ́n ti ń ṣeré, sípíkà ńlá kọjú sí títì, ó ń ya díẹ̀ nítorí pé wọ́n ti yí i dópin, jẹnẹrétọ̀ ń kígbe lẹ́yìn ilé, àwọn ènìyàn ń ná owó sí olórin níwájú, ìyá kan ń pe ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni orin yẹn ti wá. Bí mo bá wá gbé e kalẹ̀ ní Leeds láìsí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀, tí mo ń gbọ́ bí ìka ṣe ń kan okùn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ní òde àríyá náà rí ni mo ń gbọ́, kódà olórin fúnra rẹ̀. Ó dára, ó dùn, ó sì là mí lóye. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé òun ni òótọ́.

Mo ra tèmi nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Kò sún mọ́ ti ọ̀rẹ́ mi rárá. Amplifier NAD 3020 àlòkù, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1978, tí agbára rẹ̀ kò ju watt 20 lọ. Ìró rẹ̀ ju owó rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Sípíkà Wharfedale kékeré méjì, orúkọ ilé iṣẹ́ tí Gilbert Briggs dá sílẹ̀ ní Ilkley, ẹ̀bá wa níbẹ̀, ní 1932. Pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ jẹ́ póùn 280. Owó òru mẹ́jọ ni, òru tí mo fi ń yí àwọn arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìtọ́jú wọn.

Mo sọ fún ìyá mi ní Ìbàdàn.

"Èló ni?"

Mo sọ iye rẹ̀. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń ṣírò rẹ̀ sí náírà láìla ẹnu.

"Rédíò ni?"

"Kì í ṣe rédíò, Mà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ orin ni."

"Ṣé ó ń gba ìròyìn?"

"Kì í gbà á, Mà."

Ó dákẹ́. "Ó dáa. Kí Olúwa jẹ́ kí o lò ó pẹ́."

Ní oṣù méjì ṣáájú, mo ti fi owó WAEC àbúrò mi ránṣẹ́, ẹ̀rí ọkàn mi sì fún mi ní àyè díẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè yẹn kì í pẹ́ kún. Ní 1972, Peter Singer, ọmọ Ọsirélíà, kọ àròkọ kan tí wọ́n ṣì ń kọ́ ní yunifásítì títí dòní. Ó ní bí ọmọdé bá ń rì sómi níwájú rẹ, tí o lè fà á jáde, o kò ní sọ pé aṣọ rẹ á rọ̀. Báwo wá ni ọ̀nà jíjìn ṣe sọ ọmọ tí ebi ń pa lókèèrè di ohun mìíràn? Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń jiyàn lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń ta ayò. Èmi kì í lè bá wọn jiyàn. Fún wọn, àlọ́ ni ọmọ yẹn. Fún wa, ọmọ náà ní orúkọ, ó ní nọ́ńbà fóònù, ó sì máa ń pè wá ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Èrò Singer lágbára, n kò tíì rí ẹni tó fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè ṣe fún wa: kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín sípíkà àti aṣọ ẹbí. Bí a bá fi dá sípíkà lẹ́bi, a ti dá gbọ̀ngàn àríyá tí a gbà ní Peckham lẹ́bi, a ti dá léèsì, wáìnì àti ìrẹsì abọ́ keta tí a kò jẹ tán lẹ́bi. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í fi aṣọ ẹbí pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀? Mo rò ó títí, ohun tí mo rí kò ní í ṣe pẹ̀lú iye owó. Gbogbo ènìyàn ló jọ ń jẹ àríyá. Ẹni tó bá náwó lórí rẹ̀ ti pín in. Ohun tó ń ti ọlọ́gbọ́n etí lójú ni pé òun nìkan ló ń jẹ tirẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà nìkan, bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà nìyẹn. Láti 1931 tí Alan Blumlein ti kọ ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí stereo nígbà tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú EMI, ọ̀nà yìí ni a ń tọ̀: sípíkà méjì, olùgbọ́ kan, kí àyè tó wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Bí o bá jókòó síbẹ̀ gan-an, olórin á dúró ní àárín méjèèjì bí ẹni tó wọlé wá kí ọ. Sún ẹsẹ̀ kan sápá òsì, ó ti bá sípíkà òsì lọ. Àga kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ń gbọ́ àjẹkù. Mo ti lọ sílé àwọn tó fẹ́ràn nǹkan yìí, n kò mọ iye ilé tí mo ti rí àga kan tó dá wà láàárín yàrá bí àga ọba tí kò ní ìjòyè. Orin tí wọ́n ṣe fún igba ènìyàn, ẹnì kan ló ń gbọ́ ọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi máa ń wá sílé wa lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀kan nínú wọn máa ń gbé waya tirẹ̀ dání, waya tí owó rẹ̀ ju owó ilé mi ti oṣù méjì lọ. (Waya ni waya, ẹ jàre. Bí ó bá ti nípọn tó, tí kò já, ó tán.) Ọkùnrin yìí kì í gbọ́ orin parí. Ó mọ ibi tí gíláàsì ti já lulẹ̀ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kan, ó mọ ibi tí olórin obìnrin kan ti mí, á gbọ́ ibẹ̀, á yọ ọ́. Ní ọjọ́ kan, mo fi kásẹ́ẹ̀tì kan sí i: ìyá ìyá mi ló ń ki mi ní oríkì, wọ́n gbà á sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ kékeré lẹ́yìnkùlé, àkùkọ ń kọ, kásẹ́ẹ̀tì ń ṣe ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ bí ẹni ń din dòdò. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi nawọ́ pé kí n pa á, ó ní kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti bàjẹ́.

Kò purọ́. Sípíkà tó dára kì í bo àṣírí, ó gbé ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ yẹn jáde ju bí rédíò kékeré ìyá mi á ṣe gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rí ewu tó ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Etí tó bá ń yan ohun tó máa gbọ́ nítorí pé ó mọ́ tónítóní ti di àlejò tó ń yẹ abọ́ wò tó sì fi oúnjẹ sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn tó fẹ́ràn wa máa bá wa sọ láyé yìí, ìró rẹ̀ kò ní dára. Nínú ọjà ni wọ́n á ti pè, nínú mọ́tò, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa fóònù, nítorí pé ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́ ọ. Nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin máa ń mì ní nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti obìnrin ní nǹkan bí ìgbà 200. Fóònù ayé ìgbà yẹn kì í gbé ohun tó bá kéré sí 300 tàbí tó bá ju 3,400 lọ. Ìyẹn ni pé ìpìlẹ̀ ohùn ìyá mi kò dé Leeds rí. Àwọn ìró tó ń gun orí ìpìlẹ̀ náà nìkan ló ń dé. Ọpọlọ mi ló ń fi wọ́n mọ ìpìlẹ̀ tó sọnù, tó sì ń dá a padà síbi tó yẹ kó wà. Òun la fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ àti ọkọ̀ lórí fóònù, tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣi ìyá rẹ̀ gbọ́. Ìdajì ohùn ló ń wọlé, etí ló ń kọ́ ìdajì tó kù.

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kejì 2004, mo fi káàdì pè é. Ohùn rẹ̀ ní ìrù. Bí ó bá sọ pé "a dúpẹ́", ọ̀rọ̀ náà á tán, díẹ̀ nínú rẹ̀ á tún kù nílẹ̀ kí ó tó lọ. Mo mọ ìrù yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń gbé sípíkà káàkiri yàrá mi, tí mo ń tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ pákó lásán àti ògiri lásán máa ń ta ìró padà. Tìmùtìmù, kọ́tìnnì àti kápẹ́ẹ̀tì ló ń gbé ìró mì. Pálọ̀ ìyá mi ní gbogbo wọn. Àga mẹ́rin, rọ́ọ̀gì pupa kan. Láti ìgbà tí mo ti ń pè é, ohùn rẹ̀ kì í ní ìrù.

"Màámi, ṣé pálọ̀ lẹ wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Orí kí lẹ jókòó sí?"

Kò dáhùn.

"Àga dà, Mà?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

Onílé ti fi owó kún owó ilé, ó sì fẹ́ gba ti ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti ta àga, rọ́ọ̀gì àti fíríìjì. Ó ti pàṣẹ fún àbúrò mi pé kó má sọ fún mi nítorí pé mo ní ìdánwò. Mo ní n ó ta ẹ̀rọ náà.

"Ṣé òun lo fi gbọ́ ọ ni?"

Mo ní rárá, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ.

"Tóò," ni màmá mi wí. "Fi í sílẹ̀ nígbà náà."

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn tó fẹ́ràn hi-fi, inú wọn sì máa ń dùn, wọ́n á ní ẹ ò rí i, ẹ̀rọ náà san owó ara rẹ̀ padà. N kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin oní-waya yẹn ní etí tó ju tèmi lọ. Bí ẹ bá fún un ní fóònù lọ́jọ́ náà, á gbọ́ ìrù ohùn yẹn kí n tó gbọ́ ọ, á sì ní ìlà kò mọ́. Ohun tí mo ní tí òun kò ní ni pé mo mọ bí pálọ̀ yẹn ṣe ń dún nígbà tó kún. Mo ti sùn lórí rọ́ọ̀gì náà. Pearson ní kí a fi gbọ̀ngàn orin ṣe òdiwọ̀n. Pálọ̀ kan ní Ìbàdàn ni òdiwọ̀n tèmi. Òdiwọ̀n yẹn ni n kò lè fi póùn 280 rà.

Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ àwa tí a wà níhìn-ín nìyẹn. Ẹ̀rọ wa ń dára sí i. Fóònù ti kúrò ní 3,400, WhatsApp ń gbé ohùn wọn wá bí ẹni pé wọ́n wà ní yàrá kejì. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni òdiwọ̀n ń sá lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n kó kúrò ní ilé tí a mọ̀, a kò mọ bí tuntun ṣe ń dún. Wọ́n ń dàgbà, a kò mọ èwo ni èémí wọn gan-an àti èwo ni ti àìsàn. Etí mọ́ kedere, kò sì ní ohun tí yóò fi ohun tó gbọ́ wé. Bí etí bá jẹ gbèsè, ibẹ̀ ni mo rò pé ó ti jẹ ẹ́: kí a máa lọ sílé lọ jókòó, kí a gbọ́ wọn láìsí ohunkóhun láàárín, kí a tún òdiwọ̀n mú wá. Owó ọkọ̀ òfuurufú ju ti sípíkà lọ, mo mọ̀. Kí a sì béèrè. Ìrù ohùn tí a gbọ́ tí a kò béèrè nípa rẹ̀, kí la gbọ́ ọ fún?

NAD yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ti pààrọ̀ sípíkà lẹ́ẹ̀mejì. Níwájú rẹ̀ ni mo gbé àga onígun-gígùn sí báyìí, kò bá ìlànà Blumlein mu, ìró rẹ̀ sì pòórá díẹ̀ lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ta gba ibẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tí wọ́n bí níhìn-ín, ń gbọ́ gángan bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀: ó dùn mọ́ ọn, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Mo ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ó nawọ́ sí ibì kan nínú rẹ́kọ́ọ̀dù Obey yẹn, ó ní, "Dádì, kí ló sọ níbẹ̀ yẹn?" Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò gbọ́ ọ. Mo pe màmá mi ní Ìbàdàn, mo gbé fóònù sẹ́nu sípíkà. Kò tíì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí onílù sọ ọ́ tí mo fi gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

"Ṣé ọmọ yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

Mo ní ó wà níbẹ̀, Mà.

"Jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ ná, kí n tó sọ ọ́ fún ọ."